Igbá Ọbẹ̀ Mẹ́ta ní Ìlú Ìpamọ́

Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n ríbi na ẹsẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó hú u tán nísinsìnyí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, kó fún un lọ́mú. Èmi kì í sọ ìtàn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí pé "báwo lẹ ṣe wí?" nígbà tí mo bá dé ibi tó le. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi ni mo bá erin wí títí ó fi kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ti erin kọ́ ni mo gbé wá lónìí. Ìtàn ẹ̀gbin ni mo gbé wá. Bí mo bá ń sọ ọ́ tí ẹ rí i tí mò ń tutọ́, ẹ má rò pé àìsàn ló ń ṣe mí. Inú ló ń bí mi.

Ọdẹ kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Ẹgbẹ́ tiwa ní òfin kan. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ gba ọkùnrin wọlé, a ó mú un lọ síbi òkú ẹran tó ti wú, tó ti ń ṣomi, a ó ní kó kun ún, kó sì jẹ ẹ̀kọ lórí rẹ̀. Bó bá bì, kó máa lọ sílé lọ gbin ilá. Ká má parọ́, ojú gbogbo wa ló pọ́n lọ́jọ́ tiwa. Èmi pàápàá di imú mi díẹ̀, díẹ̀ péré. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé jẹ ẹ̀kọ mẹ́fà, ó tún ní ṣé kò sí mọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ikùn yangàn láàárín wa. Bí a bá jókòó sídìí ẹmu, á na ikùn ọ̀hún síta, á fi ọwọ́ gbá a, á ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ikùn yìí kò mọ̀nà àbọ̀."

Àbúrò obìnrin kan ló ní, Àwẹ̀ró. Ọṣẹ dúdú ló ń tà, obìnrin tó mọ́ tónítóní bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, Àwẹ̀ró gbọ́ pé ìlú olódi kan wà lẹ́yìn Igbó Onímú tí wọn kò mọ ọṣẹ rárá. Ó ní ọjà rè é o! Ó di ẹrù ọṣẹ, ó lọ, kò sì padà. Ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá, èkejì wọlé. Ìyá wọn, Ojúọlápé, dùbúlẹ̀ àìsàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò ní dìde níbẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sí ẹ̀gbẹ́ ẹní.

Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, mo mọ̀ pé mò ń lọ, ẹ̀rù rẹ̀ kò bà mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè lọ láì fojú kan Àwẹ̀ró. Wá a lọ. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ tó o kò tíì dé, má wulẹ̀ sáré mọ́."

Ọdẹ́rìndé ní, "Ìyá mi, bó wà nínú ikùn ejò, màá fà á yọ fún yín."

Ó gbé ìbọn, ó kọrí sí igbó. Ẹ má bi mí iye ọjọ́ tó rìn. Ẹsẹ̀ ta ni mo fẹ́ fi kà á? Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó dé Igbó Onímú, iwin kan sì bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láti orí igi ìrókò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, iwin yìí kò lójú, kò létí. Imú ló kún ara rẹ̀ láti àtàrí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, imú igba ó lé ogún, ikun sì ń yọ́ jáde nínú gbogbo wọn. Ó gbá Ọdẹ́rìndé mọ́ra, ó ń gbóòórùn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdodo, ó wá fi ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ nu imú. Kì í ṣe imú kan o. Ó ń nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀wù náà fi lẹ̀ mọ́ ọdẹ lára. Ọdẹ́rìndé dúró gbọin, kò fajú ro.

Iwin ní, "Ìwọ kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ. Màá bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Bó o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bó ò bá mọ̀ ọ́n, màá fi ọ́ ṣe aṣọ ìnumú títí ayé. Ohun kan ń bá ọ rìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ. Gbogbo ayé ló ti rí i, ìwọ nìkan ni o kò rí i rí. Kí ni?"

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìpàkó mi ni. Ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí ìpàkó ẹni."

Iwin náà fò sókè fún ayọ̀, ikun sì ta sí gbogbo ewé. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà. Ó ní, "Ìlú tó ò ń wá rè é níwájú. Ǹ bá sìn ọ́ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n imú mi pọ̀ jù fún irú ibi bẹ́ẹ̀." Ó já ewé, ó ń fi dí imú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó sì sá wọ igbó lọ. Èmi, bí mo bá rí iwin tó ń sá fún ìlú ènìyàn, ilé ni mò ń gbà lọ. Ọdẹ́rìndé kò gba ilé lọ.

Òórùn ìlú náà pàdé rẹ̀ kó tó rí odi. Nígbà tó rí odi, ó ga ju ọ̀pẹ mẹ́ta lórí ara wọn, yàrà tó yí i ká jìn, omi inú rẹ̀ sì dúdú ó nípọn, ó ń hó láìsí iná. Afárá igi kan ṣoṣo ló kọjá lórí rẹ̀ dé ẹnu bodè. Oníbodè jókòó níbẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tí èékánná rẹ̀ gùn, tó fi wọ́n ká ọwọ́ bí ẹ̀gbà. Èébì yún ọ̀fun Ọdẹ́rìndé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó yíjú, ó fẹ́ tutọ́ sílẹ̀. Kíá ni oníbodè gbé igbá sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

"Tu ú síbí, àlejò. A kì í fi nǹkan ṣòfò níbí."

Ọdẹ́rìndé ní, "Itọ́ ni mo fẹ́ tu!"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé igbá kékeré wá." Ọdẹ́rìndé tu ú síbẹ̀, oníbodè sì fi rán ọmọdé kan wọnú ìlú.

Oníbodè wá rò fún un. Ó ní láyé àwọn baba ńlá àwọn, ogun dó ti Ìlú Ìpamọ́ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n jẹ àgbàdo tán, wọ́n jẹ ẹran tán, wọ́n jẹ eku, wọ́n jẹ awọ bàtà, wọ́n fi omi tí wọ́n fi wẹ̀ se ọbẹ̀. Nígbà tí ogun ṣí lọ, wọ́n búra pé ohunkóhun tó bá wọ odi náà kò ní jáde mọ́ láéláé, ì báà jẹ́ èèpo iṣu, ì báà jẹ́ egungun ẹja. Ìkòkò ọbẹ̀ ìgbà ogun ọ̀hún ṣì wà lórí iná, wọn kò dà á rí, wọn kò fọ̀ ọ́ rí. Lọ́dọọdún, nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù lọ, wọ́n á ṣe Ọdún Ìdótì. Ilé kọ̀ọ̀kan á kó ohun tó pamọ́ lọ́dún náà wá, wọ́n á dà á sí ìkòkò, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ́.

"O rìnnà kore," ni oníbodè wí. "Òní lọdún."

Ẹ wo ìran burúkú! Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́ sọ èyí, ẹ má ní kí n tún un sọ. Ọdẹ́rìndé wọlé, ó ń tẹ ohun tó rọ̀. Ààtàn ló wà ní iwájú gbogbo ilé, ó ga ju òrùlé lọ, wọ́n sì fi òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ nítorí ọdún. Eṣinṣin ṣú bo ojú ọ̀run. Àwọn obìnrin ru àwo wá lórí, ohun inú àwo ń kán sí wọn lójú, wọ́n ń lá a, wọ́n ń kọrin. Àwọn àgbààgbà ìlú gbé irun tí wọ́n ti ń fá láti kékeré lọ́wọ́ nínú àpò. Ọba wọn, Oníìpamọ́, jókòó sórí ààtàn tó ga jù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti gan paali nítorí ọbẹ̀ ọdún méjìlélógún. Àwọn ènìyàn ń tò lọ fi ọwọ́ kan irùngbọ̀n yìí, wọ́n á sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Wọ́n pè é ní ìbùkún. Ìṣe wọn nílé wọn, èèwọ̀ ibòmíràn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìṣe mìíràn wà tó jẹ́ pé ilé ẹni tó ń ṣe é gan-an ló yẹ kó ti jẹ́ èèwọ̀.

Àárín ọjà ni ìkòkò wà, ó tóbi tó yàrá méjì, àkàsọ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún. Ọdẹ́rìndé gbójú sókè, ó rí obìnrin kan lórí àkàsọ̀ tó ń fi igi ro ọbẹ̀. Irun rẹ̀ ti di òkìtì, aṣọ rẹ̀ lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Obìnrin náà bojú wolẹ̀, igi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa ọdẹ lọ sí ẹ̀yìn ààtàn kan, ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní kí ẹ wá?"

Àwẹ̀ró ni. Ọdẹ́rìndé fẹ́ fà á dìde, ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ kàn án. Ojú ti ọ̀gbẹ́ni náà fún ìyẹn, ó fi agídí dì í mú léjìká. Ó ní, "Ìyá ń kú lọ. Ìwọ ló ń pè. Dìde ká lọ."

"Mi ò lè jáde. Ọjọ́ tí mo dé, wọ́n fún mi lóúnjẹ, mo sì jẹ ẹ́ nítorí kí wọ́n lè rà mí lọ́ṣẹ. Àlejò lè jáde, ṣùgbọ́n ohun ìlú kò gbọdọ̀ jáde, oúnjẹ wọn sì wà nínú mi. Oníbodè ní kí n bì í sílẹ̀ kí n máa lọ. Mo ní lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn? Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tó di ọ̀la, mo bì, mo bì, kò jáde mọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọṣẹ mi pàápàá, inú ìkòkò ni wọ́n dà á sí."

"Kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Ọ̀kan ló wà. Lọ́jọ́ ọdún, àlejò tó bá jẹ igbá ọbẹ̀ mẹ́ta láì bì, ọba á fún un ní ohun kan ṣoṣo láti mú jáde. Kò sí ẹni tó jẹ ọ̀kan tán rí. Gbogbo wọn ló bì, wọ́n sì lọ sílé lófìfo. Àwọn ló sàn fún. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi! Bí ẹ bá gbà mí, ẹ̀yin náà ti jẹun níyẹn, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ jáde."

Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ gbá ikùn. "Bí o bá ti wà lẹ́yìn odi, màá da gbogbo rẹ̀ padà sínú igbá oníbodè. Ta ni kò mọ èébì í bì? Láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú yìí ló ti wà lọ́fun mi. Èmi ni mo ni ikùn mi. Bí mo bá ní kó dì í mú, á dì í mú. Bí mo bá ní kó dà á, á dà á."

"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni o," Àwẹ̀ró wí. "Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Kò pẹ́ lára tèmi rárá. Òru ọjọ́ kan péré ni."

"Ìwọ kì í ṣe ọdẹ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin! Ó jáde sí gbangba, ó ké sí ọba, ó ní òun yóò jẹ ẹ́. Ìlú hó yèè. Wọ́n bu igbá kìíní fún un, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló bù ú. Ọdẹ́rìndé wo inú rẹ̀. Irun wà níbẹ̀. Èékánná wà níbẹ̀. Ohun funfun kan ń rìn lójú ọbẹ̀ lórí bó ṣe gbóná tó. Ó gbé e sẹ́nu. Ó yọ̀ lọ sọ́nà ọ̀fun bí ìgbín láìní karahun, ó dúró láàárín méjì, ó ń ronú bóyá kí òun máa lọ tàbí kí òun padà. Òógùn bò ó. Ó rántí ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó gbé e mì. Ó mu ún tán.

Igbá kejì le ju ìkíní lọ, nítorí pé ó ti mọ adùn rẹ̀. Mo ní adùn, mi ò mọ orúkọ tí mo tún fẹ́ pè é. Ọ̀rá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lójú ahọ́n. Ó họ ọ́ pẹ̀lú eyín, ó gbé e mì. Omi ń dà lójú rẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣàn bí ti iwin ọjọ́sí. Àwọn ará ìlú ń ka iye ìgbà tó ń gbé e mì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó tún mu ún tán.

Ó gbé igbá kẹta. Ó gbára dì, ó pa ojú dé, ó dúró de ìríra. Ìríra kò dé. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó wọ̀nyí, ọbẹ̀ náà dùn. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu dé eyín ẹ̀yìn. Ó mu ún láì dánu dúró, nígbà tó sì tán, ó fi ìka yí inú igbá po, ó lá ìka ọ̀hún. Ó ti lá a tán kó tó mọ ohun tó ṣe. Ó gbójú sókè, ó bá ojú Àwẹ̀ró pàdé lórí àkàsọ̀, Àwẹ̀ró sì fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù tí kò ba Ọdẹ́rìndé níwájú iwin bà á nígbà náà.

Ọba dìde lórí ààtàn. Ó ní, "Ọkùnrin ni ọ́. Sọ ohun kan ṣoṣo tó o fẹ́ mú jáde."

"Àwẹ̀ró, àbúrò mi."

"Ó di tìrẹ. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjá bodè kí oòrùn tó wọ̀."

Wọ́n sáré dé ẹnu bodè. Oníbodè ṣí ọ̀nà fún Àwẹ̀ró, ó kọjá sórí afárá. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé gbé ẹsẹ̀, oníbodè na èékánná gígùn náà dí i lọ́nà.

"Igbá ọbẹ̀ ìlú mẹ́ta wà nínú rẹ, ọdẹ."

"Mo mọ̀. Gbé igbá rẹ wá."

Oníbodè gbé igbá ńlá wá, kò bínú, kò yọ̀. Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ ọ̀fun. Kò sí nǹkan. Ó ti ìka méjì bọ̀ ọ́. Ó ṣa ìyẹ́ adìẹ kan nílẹ̀, ó fi tọ́ ọ̀fun títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ó gbá ikùn rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó ṣépè fún un. Kò dá a lóhùn. Ó fa atẹ́gùn ìlú náà símú kó lè kórìíra rẹ̀, ó sì rí i pé òun kò gbóòórùn kankan mọ́.

Àwẹ̀ró ń ké lórí afárá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí ohun tí ẹ jẹ! Irun àwọn arúgbó wà níbẹ̀! Omi tí wọ́n fi wẹ òkú wà níbẹ̀, èmi ni mo dà á sí i! Ẹ rántí irùngbọ̀n ọba! Ẹ rántí itọ́ tiyín, òun náà wà níbẹ̀!"

Ó ń dárúkọ wọn, ó ń dárúkọ wọn, bó sì ṣe ń dárúkọ wọn ni omi ń sun lẹ́nu Ọdẹ́rìndé. Ó gbé e mì. Àwẹ̀ró rí i nígbà tó gbé e mì, ó sì pa ẹnu mọ́.

Oníbodè wo oòrùn. Ó ní, "Ẹnì kan ṣoṣo ni ọba yọ̀ǹda. Ẹsẹ̀ obìnrin yìí ṣì wà lórí afárá wa. Bó o bá fẹ́, pè é wọlé, kí ìwọ máa lọ. Òfin kò kọ ìyẹn."

Ẹ dákẹ́ jẹ́jẹ́ níbẹ̀ yẹn, ẹ má sọ fún mi ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe. Irọ́ ni ẹ máa pa.

Àwẹ̀ró ti gbé ẹsẹ̀ kan padà. Ọdẹ́rìndé pariwo mọ́ ọn. "Dúró síbẹ̀! Ìwọ ni ìyá ń pè, kì í ṣe èmi. Bó o bá wọ inú ibí yìí padà, ọbẹ̀ tí mo jẹ di àjẹgbé. Yí ẹ̀yìn padà kó o máa lọ!"

"Kí ni kí n wí fún ìyá nípa yín?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Àwẹ̀ró yí ẹ̀yìn padà, ó ń sunkún lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn bodè. Oníbodè gbé igbá rẹ̀ tó ṣófo. Ó fi ọwọ́ kan ejìká Ọdẹ́rìndé jẹ́jẹ́, bí ará ilé ṣe ń ṣe sí ará ilé. Ó ní, "Dìde, wọ́n ṣì ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́." Ọdẹ́rìndé dìde, ó bá a lọ. Ó ń kórìíra ara rẹ̀ bó ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n kò rìn jẹ́jẹ́.

Àwẹ̀ró dé ilé ní ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò ṣú. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú èyí, lẹ́yìn tó ti fi kànìnkànìn họ ara títí awọ fi bó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó dé, kò wẹ̀ kó tó wọlé tọ ìyá rẹ̀. Ojúọlápé gbá a mọ́ra bẹ́ẹ̀ náà, pẹ̀lú gbogbo òórùn ọ̀hún, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ nìyí. Mo rí ọ." Àwa tí a wà nínú yàrá di imú, ó sì ń dùn mí títí di òní pé mo wà nínú àwọn tó di í.

Ó wá gbé orí sókè, ó wo ẹ̀yìn ọmọbìnrin rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

Àwẹ̀ró ní, "Ó ń bọ̀, ìyá."

"Ó dáa. Màá dúró dè é."

Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, Ojúọlápé kò kú. Ó dúró fún oṣù mẹ́ta gbáko nínú ìrora tí mi ò lè fẹnu sọ, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó láyà láti sọ fún un pé kó máa lọ. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Ẹnu mi ti korò.